“Ta” àti “tà” nínú ọ̀rọ̀ eré káàdì

Nínú Magic: The Gathering, eré káàdì tí Richard Garfield gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1993, ẹni tí ń ṣeré náà ni ó ń ra káàdì, tí ó ń ṣà á jọ, tí ó sì ń tà á. Bí a bá fẹ́ fi Yorùbá-Nàgó kọ òfin irú eré bẹ́ẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ifangni, ọ̀rọ̀ ayò ni yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn: a ń ta ayò, nítorí náà a ó ta káàdì.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. “Tà” ti ọjà, tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀, a máa gba ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ. “Ó ta káàdì” wá ní ìtumọ̀ méjì, àmì ohùn kò sì lè yà wọ́n. Ayò kò ní ìyọnu yìí. Ta ni í ru ọmọ ayò lọ sọ́jà? Lóòótọ́, “ó ta á” yàtọ̀ sí “ó tà á”, “títa” sì yàtọ̀ sí “títà”, ṣùgbọ́n òfin eré kò lè máa sá fún ọ̀rọ̀-orúkọ. Ó sàn kí a kọ “fi káàdì lélẹ̀” fún eré, kí a fi “tà” sílẹ̀ fún owó.

“Jẹ” tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ayò tí a bá jẹ ti di ti ẹni tí ó jẹ ẹ́. Nínú Magic, itẹ́ òkú ẹni tí ó ni káàdì ni káàdì tí ó bá kú ń lọ. Ọmọdé tí ó bá ka “mo jẹ káàdì rẹ” yóò kó o sápò, ìjà yóò sì bẹ́.