Láti Ọnà Lílé Dé Fínfín: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ilé-Ìṣẹ̀ǹbáyé Kékeré Pa Mọ́ ní Àríwá Èkìtì

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìpamọ́ ogún iṣẹ́ ọwọ́, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ni ilé tí a kó ère, ìkòkò àti ìlẹ̀kùn sí. Èrò yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Ìtàn Ọ̀yẹ́-Èkìtì fi hàn pé kì í ṣe iṣẹ́ tí ó ti parí ni ó tètè ń sọnù, bí kò ṣe ọ̀nà tí a gbà ṣe é.

Ní 1947, Kevin Carroll àti Sean O'Mahoney, àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà, dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́. Ó dópin ní 1954. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ fi ọnà Yorùbá ṣe ohun èlò ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Ìgbìyànjú ìjọ ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń pè é, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò iṣẹ́ náà ti wà kí ìjọ tó dé. Ọmọ Aréògún ará Ọ̀sì ni George Bándélé tí ó gbẹ́gi níbẹ̀; ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni Làmídì Fákẹ́yẹ, tí ó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ti wá.

Nínú ìwé rẹ̀ ti 1967, Carroll kọ orúkọ ìpele mẹ́rin tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń tò sílẹ̀. Ní ọnà lílé, a ó fi àáké pín igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀. Ní àlétúnlé, ojú, etí àti ọwọ́ yóò yọ. Dídán ni kí a fi ọ̀bẹ mú ara ère jọ̀lọ̀. Fínfín ló kẹ́yìn: irun, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ.

Fínfín nìkan ni ẹni tí ó wọ ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé sábà ń rí. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń pa ojú èyí tí ó ṣáájú rẹ́. Bẹ́ẹ̀, bí orí ère bá kéré jù ní ọnà lílé, kò sí fínfín tí yóò tún un ṣe. Ibi tí ọgbọ́n pọ̀ sí jù lọ ni a kì í fi han àlejò.

Ẹsìẹ́ kò jìnnà sí agbègbè yìí. Ibẹ̀ ni a ṣí ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ní 1945, fún àwọn ère òkúta tí iye wọn lé ní ẹgbẹ̀rún. Ère wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ìdánilójú sọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Ìkìlọ̀ ni èyí jẹ́. Bándélé kú ní 1995, Fákẹ́yẹ sì kú ní 2009.

Nítorí náà, ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré kò nílò ère púpọ̀. Kí a gbẹ́ ère kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, kí a dá ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró ní ìpele tirẹ̀. Kí irinṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, pẹ̀lú ohùn agbẹ́gi tí a gbà sílẹ̀. Bákan náà ni fún ìkòkò Ìṣàn-Èkìtì: kí a fi amọ̀ tútù, ìkòkò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ àti èyí tí a ti sun hàn papọ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé igi tí a kò gbẹ́ tán kò wu ojú, pé ikán yóò sì jẹ ẹ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ikán bá jẹ ẹ́, tí ọ̀dọ́ kan nínú ìlú sì lè gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀, ilé náà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tí ó lè gbẹ́ ẹ, àgọ́ ẹrù lásán ni, bó ti wù kí ògiri rẹ̀ dára tó.