Jáàsì inú Orin Fẹlá: Àgbéyẹ̀wò Àjọ̀dún Felabration láti Ojú Abẹ́òkúta

Ọdún 1998, ìyẹn ọdún kan lẹ́yìn ikú Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ni Yẹni ọmọ rẹ̀ dá àjọ̀dún Felabration sílẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdọọdún ni èrò ń wọ́ lọ sí New Afrika Shrine ní Ìkẹjà láti ṣe ìrántí olórin tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta ní 1938. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá ráhùn pé Èkó gba ti ilé lọ kò jẹ̀bi. Àjọ̀dún ìwé Aké, tó bẹ̀rẹ̀ l'Abẹ́òkúta ní 2013, náà kó lọ sí Èkó ní 2018. Ṣùgbọ́n ibi tí àjọ̀dún ti ń wáyé kọ́ ni kókó. Ohun tí etí ń gbọ́ níbẹ̀ ni.

Fẹlá kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1958. Nígbà tó padà dé ní 1963, orin jáàsì ló kọ́kọ́ dáwọ́ lé, kí Koola Lobitos tó da jáàsì pọ̀ mọ́ háíláìfù. Ìlànà yìí kò kúrò nínú afrobeat: ẹnì kan a bọ́ síwájú pẹ̀lú fèrè, a máa hun orin lójú ẹsẹ̀, àwọn yòókù a sì máa gbè é. Ẹni tó mọ bí omele ṣe ń di ìlù mú kí ìyáàlù lè sọ̀rọ̀ kò ní ṣe àjèjì sí i. (Èyí kò sọ jáàsì di ti Yorùbá o. Àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà ló ni ín, ìgbéraga kò sì ran etí lọ́wọ́.)

Fẹlá kì í sábà kọ orin tó ti wà nínú àwo mọ́ lórí ìtàgé. Èrò Ṣíráìnì a máa gbọ́ orin tí kò tíì gbó, wọ́n a sì wà níbẹ̀ bó ṣe ń gbó. Níhìn-ín ni Felabration ti kùnà. Àríyànjiyàn àwọn ọmọ ilé-ìwé àti àpérò rẹ̀ dára; ṣùgbọ́n lórí ìtàgé, ọ̀pọ̀ olórin ń kọ orin tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀, wọ́n á sì bọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí Fẹ́mi tàbí Ṣeun bá kó ẹgbẹ́ wọn jáde ni jáàsì inú ogún náà tún ń fọhùn.

Abẹ́òkúta ní ohun tó lè fi kún un. Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, bàbá bàbá Fẹlá, gba orin ìyìn Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Sákárà Yusuf Ọlátúnjí, Baba Lẹ́gbàá, ṣì wà létí àwọn àgbà. Láti 2016 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti ṣe àjọ̀dún ìlù níbẹ̀ ní ọdún mélòó kan. Irú àjọ̀dún bẹ́ẹ̀ ìbá gbòòrò sí i bí wọ́n bá fi onídùndún àti ẹgbẹ́ jáàsì sórí ìtàgé kan náà, kí wọ́n máa dá ara wọn lóhùn.

Kò pọn dandan kí ààyè rẹ̀ tóbi. Ní oṣù Igbe 1967, ilé àṣà tí Bàbátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò, dá sílẹ̀ fún àwọn ará Harlem ni John Coltrane ti ṣeré, oṣù mẹ́ta ṣáájú ikú rẹ̀. Àwo tí wọ́n gbà lọ́jọ́ náà kò mọ́lẹ̀ létí rárá. Ariwo fèrè àti ìlù bo ara wọn mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ títí di òní.