Ta Lo Máa Fi Ránṣẹ́ Sí?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọ̀pọ̀ fíìmù tí kì í jẹ́ ká lè sùn nígbà tá a wà lọ́mọdé ti di nǹkan tá à ń wò rẹ́rìn-ín. A ti dàgbà, a ti mọ ibi tí wọ́n ti gé e.

Ìdí nìyẹn tó fi yà wá lẹ́nu pé Ringu, tí Hideo Nakata darí ní Japan lọ́dún 1998, ṣì ń já wa láyà. Ó yẹ kó ti kú. Orí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni gbogbo rẹ̀ dúró lé: ẹni tó bá wò ó, fóònù á dún, tó bá di ọ̀sẹ̀ kan, ó parí. Nígbà tá a fi han àwọn àbúrò wa, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi wá ni pé kí ni nǹkan dúdú yẹn.

Síbẹ̀, nígbà tí Sadako jáde nínú kànga, tó wá ń rá jáde látinú tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ mọ́. Ọgbọ́n ibẹ̀ ò le: òṣèré náà, Rie Inoo, ń fẹ̀yìn rìn ni, wọ́n wá yí àwòrán náà padà kó lè dà bíi pé iwájú ló ń lọ. Ẹsẹ̀ ń lọ, ejìká ń já, ara ò sì bára mu. Tí wọ́n bá fi kọ̀ǹpútà ṣe é lónìí, wọ́n á bà á jẹ́ ni.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni ti Ryuji. Reiko tó jẹ́ akọ̀ròyìn ń ṣe ìwádìí gidi, àmọ́ ọkọ rẹ̀ àtijọ́ yìí á kàn fọwọ́ kan nǹkan, ó ti ríran. Tó bá jẹ́ kóòdù ni, a ò ní fọwọ́ sí i.

(Ẹ̀yin tẹ́ ò tíì wò ó, ẹ dúró níbí.) Wọ́n rò pé táwọn bá ti rí òkú Sadako nínú kànga, ó ti tán. Kò tán. Ryuji kú. Ohun tó yọ Reiko ni pé ó ṣe ẹ̀dà kásẹ́ẹ̀tì náà, ó sì fi han ẹlòmíì. Ẹ ò rí i pé a mọ̀ ọ́n? “Fi ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá kílẹ̀ tó mọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀...” A ti gbà á lórí fóònù kékeré, a tún gbà á lórí WhatsApp. Ká má parọ́, àwa tá a kàwé kọ̀ǹpútà yìí náà ti fi ránṣẹ́ rí. A ò dẹ̀ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ibi iṣẹ́ o. Màmá wa la fi ránṣẹ́ sí, àti ọ̀rẹ́ tí kò ní bínú.

Nínú èyí tí Gore Verbinski ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002, ẹṣin tó bẹ́ sómi yẹn dáa gan-an, àmọ́ ẹni tí wọ́n máa fi kásẹ́ẹ̀tì hàn kẹ́yìn ò lórúkọ. Nakata ní tiẹ̀ sọ ẹni náà fún wa. Yoichi, ọmọ Reiko, ti wo kásẹ́ẹ̀tì. Ìyá ẹ̀ gbé ẹ̀rọ fídíò sínú mọ́tò, ó pe bàbá tirẹ̀ lórí fóònù, ó ní òun ní ẹ̀bẹ̀ kan, nítorí Yoichi ni. Bàbá yìí la ti rí ṣáájú tóun àti ọmọ náà jọ wà létí odò. A ò rí ojú ẹ̀ mọ́.