Iná Pupa Tí Kò Tàn

"Bátìrì ò gba iná" ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ní mọ́tò máa ń sọ, ká sì máa retí kí ríwáyà mú sípánà. Èyí tí mo mọ̀ n'Íbàdàn kì í mú un. Ìbéèrè ni yóò kọ́kọ́ bi yín: "Ṣé kì í gbà á rárá ni, àbí ó ń gbà á tí ẹ bá ti tẹná?"

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló gbé Mercedes wá lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní V-boot. Ó ní bí òun bá ń lọ lójú títì márosẹ̀, kò sí ìyọnu. Ọjọ́ tí òun bá tò fún epo ni wàhálà: òun á ṣíná, òun á sún síwájú díẹ̀, òun á pa á, òun á tún ṣíná. Kó tó kan òun, bátìrì ti kú. Mẹkáníìkì kan sì ti ní kí ó lọ ra alternator Belgium.

"Ẹ jẹ́ ká wò ó ná, Bàbá."

Ríwáyà jókòó sídìí ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, kò ṣíná. Iná búréèkì tàn, iná ọ́ìlì tàn. Iná pupa tó ní àwòrán bátìrì kò tàn. Mo rí i tí ojú rẹ̀ dúró síbẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ó ti fura, kò sì jẹ́ kí ìfura sọ ara rẹ̀ di ìdájọ́. Èyí ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó lọ fi àtàǹpàkò tẹ bẹ́líìtì wò bóyá ó ti dẹ̀. Ó mi orí bátìrì méjèèjì. Ó fi ìka tọ wáyà ẹ́ẹ̀tì dé ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ irin. Ó fi mítà wọn bátìrì: 12.1 volt. Èyí tó bá kún máa ń tó nǹkan bí 12.6.

Wọ́n wá ṣíná. Ẹ́ńjìnnì ń rọra yí, mítà ń fi 11.9 hàn. "Tẹná díẹ̀," ó wí fún ọmọṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ké, nọ́ńbà fò sókè sí 14. "Gbẹ́sẹ̀ kúrò." Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, nọ́ńbà kò bá a rọlẹ̀: 13.9 ló dúró sí. Ó ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún ṣíná. Ó padà sí 11.9.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà nìyí. Bí diode kan bá jóná nínú alternator, bí ẹ́ńjìnnì bá ti rọlẹ̀ ni agbára rẹ̀ yóò tún rọ. Alternator tó tẹ̀síwájú láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí a gbẹ́sẹ̀ kò ṣàìsàn. Ẹni tó máa jí i ni kò rí.

Kọ́ìlì tó ń yí nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ di òòfà kí iná tó lè jáde. Òòfà díẹ̀ máa ń ṣẹ́kù sára irin, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn kò tó, àyàfi tí irin bá ń yí kíákíá. Nítorí náà, nínú irú ọkọ̀ yìí, wáyà tín-ín-rín kan ń gbé iná bátìrì gba inú gílóòbù pupa lọ bá kọ́ìlì. Bí alternator bá ti jí, á máa bọ́ ara rẹ̀. Nígbà náà, iná tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gílóòbù dọ́gba, gílóòbù á sì kú. A ti ń wo gílóòbù yẹn bí ẹni tó kàn ń kéde ìṣòro, láìmọ̀ pé inú rẹ̀ ni iná ń gbà kọjá. Bí òwú inú rẹ̀ bá já, ọ̀nà ti dí.

Ó yọ wáyà tín-ín-rín náà lẹ́yìn alternator, ó fi kan ara irin nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní yíyí. Dáṣíbọ́ọ̀dù kò dáhùn. Ó wá fa gílóòbù kékeré kan tó ti lẹ wáyà méjì mọ́ yọ láti inú àpò. Ó so ẹsẹ̀ kan mọ́ orí bátìrì, ó so ìkejì sí ibi tí ó ti yọ wáyà. Gílóòbù tàn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ṣíná, gílóòbù kú, mítà sì dé 13.9 láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹná.

Yíyọ dáṣíbọ́ọ̀dù Mercedes yẹn kì í ṣe iṣẹ́ agbára. Ó tẹ wáyà líle méjì ní ṣóńṣó, ó tì wọ́n bọ ẹ̀gbẹ́ kan àti ìkejì, ó yí wọn díẹ̀, ó sì fà á bọ̀ wẹ́rẹ́. Kò ha ibì kankan. Ó gbé gílóòbù tó jóná sókè kí Bàbá fojú ara rẹ̀ rí òwú tó já. Owó gílóòbù tuntun kò tó ti oúnjẹ ọ̀sán. Alternator Belgium tí wọ́n ní kó rà, bó bá dé orí ọkọ̀, bákan náà ni kò ní jí.

Kò tíì jẹ́ kí Bàbá gbé ọkọ̀ lọ. Ó tú bátìrì, ó gbé e sórí chájà di ọjọ́ kejì, nítorí kò fẹ́ kí alternator máa fi gbogbo agbára rẹ̀ kún bátìrì tó ti gbẹ.