Àkọlé tí a fòfin dè

Ní 1964, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Hubert Ogunde nítorí eré Yorùbá Ronú. Ìjọba ológun ló tú òfin náà ká ní 1966, ọdún kan ṣáájú ogun abẹ́lé. Eré náà kò dárúkọ olóṣèlú kankan: ìtàn ọba tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀ ni. Ìjọba Akintola ló fi òfin fọwọ́ sí i pé òun ni a ń sọ.

Lójú tèmi, agbára eré náà ti wà nínú àkọlé. Rò àti inú ti wọnú ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà pàṣẹ, kò sì sọ ohun tí a ó rò. Olùgbọ́ ni yóò parí rẹ̀. Mo kà á fún àgbà Ifẹ̀ kan ní Datcha. Kò béèrè ìtumọ̀. Ó ní: «Ta ni wọ́n ń bá wí?»