Kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀

Bàbá àgbẹ̀ kan ni mo tẹ̀lé lọ wo ilẹ̀ iṣu lọ́nà Ìsẹ̀ sí Emùré. Ọkọ́ wà léjìká rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó wákàtí kan kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ewéko ló kọ́kọ́ wò. Níbi tí ẹ̀kan ti kún, kò dúró rárá. “Ilẹ̀ yìí ti ṣá, ọmọ mi.” Níbi tí ewé Akíntọlá ti dí, tí igi rẹ̀ sì nípọn, ibẹ̀ ló yà sí. Àlejò láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewéko yìí, àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní Awólọ́wọ̀. Síbẹ̀, òjìji rẹ̀ a máa pa ẹ̀kan, ewé rẹ̀ tó ń rẹ̀ sílẹ̀ a sì jẹrà di ilẹ̀dú. Bàbá fọwọ́ gbá ewé gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè rí erùpẹ̀ ṣóńṣó-ṣóńṣó tí ekòló tú jáde. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fún un, ó ṣíwọ́. Erùpẹ̀ náà dì díẹ̀, ó sì fọ́ wẹ́wẹ́. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ náà bí ẹni mọ ilé rẹ̀: lókè, ilẹ̀ pupa olókùúta wẹ́wẹ́, nísàlẹ̀, yanrìn tí àgbàrá kó wá, lẹ́yìn rẹ̀, àkùrọ̀. Nínú ìwé tí Smyth àti Montgomery, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀, kọ lọ́dún 1962 lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣe lọ ni wọ́n ṣe to irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìlú pè wọ́n: Ìwó lókè, Àpòmù fún yanrìn ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ni bàbá fi kà á.

Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí kọ ebè, ọkọ́ rẹ̀ kì í rì. Ilẹ̀dú ojú ilẹ̀ nìkan ló ń wọ́ jọ, kò hú ilẹ̀ pupa abẹ́ rẹ̀ rárá. Tó bá ti wọ́ ọ ga dé orúnkún, yóò fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́, ebè á sì jókòó. Ìlú Ìkẹ́rẹ́ mọyì òpó tí Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ sí ààfin Ògògà, ọba wọn. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo rí níbí. Kò to ebè náà ní ìlà gbọọrọ, kí àgbàrá má baà rí ọ̀nà sáré gbà. Ó dá igi ayúnrẹ́ méjì sí, torí ewé wọn kéré, oòrùn ń gba àárín wọn kọjá.

Ó kọ igba ebè kí oòrùn tó mú. Láàárín oko, ó fi àyè bíi yàrá kan sílẹ̀ láìkọ. Mo súnmọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀: ẹ̀kan mẹ́ta péré ló yọrí níbẹ̀.