Ó Ṣojú Mi Kòró: Àfojúbà àti Àrọ́bá Nínú Ìrántí Àwọn Olólùfẹ́ Orin Rọ́ọ̀kì

Ìfáàrà

Nínú àṣà wa, ẹni tó bá fẹ́ kí a gba ẹ̀rí òun gbọ́ kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Á ní, "Ó ṣojú mi kòró." Gbólóhùn yìí máa ń pa ẹnu alátakò mọ́, nítorí pé ìròyìn kò tó àfojúbà. Láàárín àwọn tó ṣe ọ̀dọ́ ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1960 sí 1969, irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ti di ìlẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà wọ inú ìtàn: mo wà níbẹ̀; mo fojú mi rí Beatles; mo lọ sí Woodstock. Ìwé, fíìmù àti àkójọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí ìrántí wọn ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè kà á sí ẹ̀yà lítíréṣọ̀ kan tó ní ìlànà tirẹ̀. A óò gbọ́ nípa ìrìn-àjò, òjò, ebi, ogunlọ́gọ̀ èrò, àti olórin tó yọ lórí ìtàgé. Lẹ́yìn náà ni a óò gbọ́ pé ayé kò tún rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀nà méjì ni a sábà máa ń gbà ka àwọn ìrántí wọ̀nyí. Àwọn kan gbà á bí ẹ̀rí tí kò ṣe é jà níyàn. Àwọn mìíràn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àsọdùn àwọn arúgbó ni. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà méjèèjì kùnà, àti pé òwe wa kan ní ọgbọ́n tí a lè fi kà á dáadáa: bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Òwe yìí kò kẹ́gàn àrọ́bá rárá. Ohun tó ń bèèrè ni pé kí ẹni tó bá àrọ́bá mọ̀ pé àrọ́bá ni òun bá. Àléébù ìrántí Woodstock kì í ṣe pé àrọ́bá wà nínú rẹ̀, bí kò ṣe pé àrọ́bá náà ti gbé aṣọ àfojúbà wọ̀. Ní Harlem, ní ọdún kan náà, òdìkejì èyí ló ṣẹlẹ̀: àfojúbà wà, ṣùgbọ́n àrọ́bá tí ì bá gbé e ró kò sí.

Ojú rí, etí kò gbọ́

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì, ó yẹ kí a wo ohun tí ẹ̀rí jẹ́ níbi tí orin bá ti wà. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹjọ, ọdún 1965, Beatles kọrin ní pápá ìṣeré Shea ní New York níwájú èrò tó lé ní 55,000. Eré wọn kò ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde nígbà náà kò lágbára tó fún irú ibi gbalasa bẹ́ẹ̀, igbe àwọn ọmọbìnrin sì bo orin mọ́lẹ̀. Ohun tó wọ́pọ̀ nínú ìrántí àwọn tó lọ ni pé wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Mo ka èyí sí ẹ̀rí tó ṣe é fọkàn tán jù lọ. Ojú ni òwe wa gbé ga, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ níbi ìjà tàbí ìjàǹbá. Ṣùgbọ́n etí ló ni òde orin. Ẹni tó bá sọ pé òun rí ènìyàn mẹ́rin kéékèèké lókèèrè, tí òun kò sì mọ orin tí wọ́n ń kọ, ohun tí fíìmù kankan kò lè kọ́ ọ ló ń sọ.

Wọ́n ṣe fíìmù òde náà lóòótọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966, Beatles wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti tún ohùn inú rẹ̀ ṣe kí ó tó jáde lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ẹni tó jókòó sílé wá gbọ́ Shea ju ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ Shea lọ. Láti ìgbà náà, bí olólùfẹ́ kan bá ń ròyìn bí orin ṣe dùn tó lọ́jọ́ náà, ó tọ́ kí a bèèrè etí tó fi gbọ́ ọ: ṣé ti ọjọ́ náà ni, àbí ti fíìmù?

Ọ̀ràn Manchester tún díjú ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 17, oṣù karùn-ún, ọdún 1966, Bob Dylan kọrin ní gbọ̀ngàn Free Trade Hall. Ní apá kìn-ín-ní, òun nìkan ni, pẹ̀lú gìtá tí kò lo iná. Ní apá kejì, ẹgbẹ́ onílù àti gìtá oníná dara pọ̀ mọ́ ọn, inú sì bí àwọn tó gbà pé ó ti da orin ìbílẹ̀. Ọ̀kan nínú èrò kígbe pé, "Júdásì!" Igbe náà wà nínú ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwo tí àwọn kan ń tà lábẹ́lẹ̀ sọ pé Royal Albert Hall ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti ṣẹlẹ̀. Àṣìṣe náà ta gbòǹgbò tó bẹ́ẹ̀ tí àwo tí ilé iṣẹ́ Dylan fọwọ́ sí ní 1998 fi di orúkọ náà mú, tó kàn fi àmì àyọlò yí i ká. Nígbà tó yá, ó ju ẹnì kan lọ tó jáde láti sọ pé òun ni òun kígbe. Kò di dandan kí ẹnikẹ́ni nínú wọn jẹ́ òpùrọ́. Ẹni tí inú ń bí lálẹ́ ọjọ́ náà lè ti kígbe ní tòótọ́, bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn ló sọ. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, igbe kan ṣoṣo tí àwo gbà sílẹ̀ ló kù tó lè fi dá ohùn ara rẹ̀ mọ̀.

Woodstock: ojú tí a yá lò

Woodstock gan-an kò ṣẹlẹ̀ ní Woodstock. Oko màlúù Max Yasgur ní Bethel, ìpínlẹ̀ New York, ni wọ́n ti ṣe é, láti ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1969 di àárọ̀ ọjọ́ 18. Èrò dé kí ọgbà tó parí, ayẹyẹ náà sì di ọ̀fẹ́. Iye ènìyàn tí wọ́n sábà máa ń dá lé e lé ní 400,000. Òjò rọ̀, ẹrẹ̀ gba ilẹ̀ kan, ètò falẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí Jimi Hendrix, tó yẹ kí ó kádìí ayẹyẹ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, kò gun orí ìtàgé títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Nígbà náà, èyí tó pọ̀ jù nínú èrò ti gba ilé lọ. Síbẹ̀, orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí Hendrix fi gìtá kọ láàárọ̀ ọjọ́ náà ló di àmì Woodstock, ó sì wà nínú ìrántí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò sí lórí pápá nígbà tó ń kọ ọ́.

Fíìmù tí Michael Wadleigh darí, tó jáde ní 1970, tó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar, ló ṣe iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ ọnà tó gbámúṣé ni. Ó máa ń pín ojú àwòrán sí méjì tàbí mẹ́ta, kí a lè rí olórin àti èrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ni pé ó fún òǹwòran ní ojú tí ẹnikẹ́ni kò ní ní Bethel. Ẹni tó jókòó lókè pápá, ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló rí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wo fíìmù náà lẹ́yìn ọdún kan, tó wá ń rántí ìka Hendrix lórí okùn gìtá, irọ́ kọ́ ló ń pa. Ó yá ojú lò, ó sì ti gbàgbé pé yíyá ni.

Ohun tí fíìmù náà fi sílẹ̀ tún ń jẹ́ wa lẹ́rìí. Creedence Clearwater Revival àti The Band kọrin ní Bethel, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú fíìmù ọdún 1970. Àpẹẹrẹ tó kan àwa tí a ń sọ Yorùbá jù ni ti ẹgbẹ́ Santana, tó bọ́ sórí ìtàgé ní ọ̀sán ọjọ́ 16 nígbà tí àwo wọn àkọ́kọ́ kò tíì jáde. Lára orin tí wọ́n kọ ni "Jingo", tí wọ́n mú láti inú "Jin-go-lo-ba" ti Bàbátúndé Ọlátúnjí. Ọmọ Ajido nítòsí Àgbádárìgì ni Ọlátúnjí. Ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Morehouse College ní Atlanta ní ọdún 1950, ó sì gbé orin náà jáde nínú àwo Drums of Passion ní 1960. Nípasẹ̀ àwo yìí, ìlù etíkun wa dé oko Yasgur.

Ṣùgbọ́n "Soul Sacrifice", tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ni fíìmù mú. Nítorí náà, bí olólùfẹ́ kan bá ń sọ̀rọ̀ Santana ní Woodstock, "Soul Sacrifice" àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lu ìlù níbẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ. Odidi eré ọ̀sán náà jáde lórí àwo ní 2009, lẹ́yìn ogójì ọdún. Ẹ tún wo àkọlé orin Ọlátúnjí: sílébù mẹ́rin tí a fi dáṣì so pọ̀, láìsí àmì ohùn kankan. Òǹkàwé tó gbọ́ Yorùbá pàápàá ní láti lọ gbọ́ orin náà kí ó tó lè dá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ̀. Kò sẹ́ni tó dìtẹ̀ mọ́ wa. Ẹni tó ń gé fíìmù yan orin tó bá àwòrán rẹ̀ mu, ìrántí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì tẹ̀ lé e.

Harlem: àfojúbà tí kò rí àrọ́bá

Ní ìgbà ooru kan náà, Harlem Cultural Festival wáyé ní ọjọ́ Àìkú mẹ́fà ní Mount Morris Park, tí a ń pè ní Marcus Garvey Park lónìí. Nina Simone kọrin níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni Stevie Wonder, B.B. King àti Mahalia Jackson. Mongo Santamaría, onílù kọ́ńgà ọmọ Kúbà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Sly and the Family Stone, ẹgbẹ́ tó gbóná jù lọ nínú orin rọ́ọ̀kì àti sóòlù ìgbà náà, kọrin ní Harlem, wọ́n sì tún kọrin ní Woodstock. Hal Tulchin gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú fídíò. Díẹ̀ nínú rẹ̀ hàn lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán lọ́dún náà, lẹ́yìn èyí ni ìyókù wà nípamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Ahmir Thompson, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Questlove, fi lò ó fún fíìmù Summer of Soul ní 2021.

Ẹgbẹ́ kan náà, ọdún kan náà, ìpínlẹ̀ kan náà: ọ̀kan di ìtàn àgbáyé, èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ di àlá. Nínú Summer of Soul, ọkùnrin kan tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ń wo àwòrán ayẹyẹ náà, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀, nítorí pé ó ti ń ṣiyèméjì bóyá ohun tó rántí ṣẹlẹ̀ rí. Ó ṣojú rẹ̀ kòró, síbẹ̀ kò dá ara rẹ̀ lójú mọ́. Èyí fi hàn wá pé àfojúbà nìkan kò tó. Bí àwùjọ kò bá tún un sọ, tí kò sí fíìmù tàbí àwo tó ń dáhùn sí i, ẹni tó rí i gan-an yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ara rẹ̀ níyàn. Ní Harlem, àwọn aláwọ̀ dúdú ni ọ̀rọ̀ yìí bá, kì í sì í ṣe nítorí pé ọpọlọ wọn kò tó ti àwọn tó lọ sí Bethel.

Ní ojú tèmi, ibí yìí ni fíìmù Thompson ti borí ti Wadleigh. Wadleigh bo ojú rírán mọ́lẹ̀. A kò mọ ibi tí ojú èrò parí sí àti ibi tí ojú kámẹ́rà ti bẹ̀rẹ̀. Thompson jẹ́ kí a rí ojú ẹlẹ́rìí nígbà tí àwòrán ń wọ inú rẹ̀. A rí àrọ́bá bí ó ti ń bá àfojúbà pàdé, a sì mọ èwo ni èwo. Ṣùgbọ́n ewu wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Láti 2021 ni àwọn tó lọ sí Harlem náà ti ní fíìmù tí wọn yóò máa yá ojú rẹ̀ lò.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀ràn yìí kọjá orin rọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston, Toronto àti Salvador ló ń gba ohùn àwọn òbí àti àgbà wa sílẹ̀: òde tí wọ́n lọ, olórin tí wọ́n rí, ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀. Bí a bá kọ́kọ́ fi fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì hàn wọ́n kí wọ́n lè rántí, ìrántí fídíò ni a óò gbà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbà sọ tirẹ̀ tán ná. Kí a bi wọ́n ní ibi tí wọ́n dúró sí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ohun tí wọn kò gbọ́, ìgbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀ àti bí wọ́n ṣe délé. Lẹ́yìn náà ni kí a mú fídíò jáde, kí a sì gba ìjíròrò tó bá tẹ̀ lé e sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè mọ èyí tí ojú bá àti èyí tí etí gbà lẹ́nu ẹlòmíràn. Àwọn méjèèjì ni ìtàn nílò. Ẹni tó pé ogún ọdún ní 1969 ti lé ní àádọ́rin ọdún dáadáa báyìí. Kò yẹ kí a máa fi iṣẹ́ yìí dọ́la.